Ta ni àwọn Rótìmí tí ẹ mọ̀? Kí sì ni orúkọ náà túmọ̀ sí gan-an?

Bàbá Morẹ́nikẹ́ (Àkúrẹ́), Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ mi obìnrin wà ní Pírámárì 5. Olùkọ́ wọn ní kí kálukú kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sínú ìwé, kó kọ ìtumọ̀ rẹ̀, kó sì wá èèyàn márùn-ún tí ayé mọ̀ tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ yẹn. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa gbà á. Rótìmí ni mò ń jẹ́. Kí n tó la ẹnu, ọmọ ti kọ Rótìmí Akeredolu sílẹ̀. Àkúrẹ́ la wà, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Lẹ́yìn ẹyọ kan yẹn, èmi àtọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wojú ara wa.

Ìyẹn nìkan kọ́ ló gbé mi wá síbí. Nígbà tó bi mí ní ìtumọ̀, mo ní, "Olúrótìmí ni. Olúwa dúró tì mí." Bó ṣe wà nínú gbogbo ìwé ẹ̀rí mi nìyẹn. Màmá mi jókòó tì wá, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ fún àkàrà àárọ̀. Ọwọ́ wọn dúró. Wọn ò sọ nǹkan kan. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó tún mú òkúta kan jù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìgbà tọ́mọ sùn ni wọ́n pè mí: "Dúrótìmí ni bàbá rẹ sọ ọ́. Àwọn méjì wá ṣáájú rẹ, wọn ò dúró. Àbúrò bàbá rẹ tó lọ kọ orúkọ rẹ sílẹ̀ ní ilé ìwé girama ló sọ ọ́ di Olúrótìmí." Mo fẹ́ bi wọ́n sí i, wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn lọ sùn.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni mí. Mo rò pé mo mọ orúkọ mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka àwọn Rótìmí tí ẹ mọ̀. Kí ẹ sì sọ fún mi: ṣé orúkọ kan ni Dúrótìmí àti Olúrótìmí, àbí méjì? Kí ni kí ọmọ kọ?

Ọmọ Ọ̀wọ̀

Ẹ kú alẹ́, Bàbá Morẹ́nikẹ́. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí tiwa, kí ọmọ má kàn kọ "gómìnà" kó sì fò ó. Olúwarótìmí Ọdúnayọ̀ Akeredolu lorúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 21 oṣù Keje 1956, Àkúrẹ́ yìí náà ló sì ti ka díẹ̀ nínú ìwé girama rẹ̀, ní Aquinas. Ó kọ́ òfin ní Yunifásítì Ifẹ̀, ó di SAN (oyè àgbà agbẹjọ́rò Nàìjíríà) ní 1998, ó sì ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà láti 2008 sí 2010. Oṣù Kejì 2017 ló di gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó. Nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá dá ẹ̀ṣọ́ ààbò Amọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020, òun ni alága àwọn gómìnà wa, kò sì gba ìhàlẹ̀ ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Ó kú ní Jámánì ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá 2023. Nígbà tí wọ́n gbé e wálé láti sin ní oṣù Kejì 2024, mo wà nínú èrò ní Ọ̀wọ̀. Ẹsẹ̀ mi wú kí n tó délé.

"Aketi" làwa ń pè é. Ṣùgbọ́n Olúwarótìmí ni, gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn ló pé síbẹ̀.

Agbẹjọ́rò Alágbàká

Ẹ má gbàgbé bàbá òfin, ẹ jọ̀ọ́. Frederick Rótìmí Aládé Williams. Wọ́n bí i ní 1920, ó kú ní 2005. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi èèyàn joyè SAN nílẹ̀ yìí, ní 1975, àwọn méjì péré ni wọ́n fún: òun àti Nabo Graham-Douglas. Ọdún yẹn náà ni wọ́n fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ tó kọ́kọ́ to òfin tó di òfin ìlú 1979 pọ̀.

Inagijẹ rẹ̀ ni "Timi the Law". Ẹ wò ó dáadáa. Wọ́n ti gé iwájú orúkọ kúrò tẹ́lẹ̀, ó di Rótìmí. Wọ́n tún gé "ró" kúrò, ó ku Timi. Síbẹ̀ kò sí kóòtù tí ẹ ti máa dárúkọ yẹn tí wọn ò ní mọ ẹni tí ẹ ń wí.

Ìyá Ìbejì Ọjà Ọba

Bàbá Morẹ́nikẹ́, ẹ bá mi kí màmá. Ẹ má da ìbéèrè bò wọ́n o. Ohun tí obìnrin bá gbé pamọ́ fún ogójì ọdún, kì í fi ìkánjú tú u. Ẹ jókòó tì wọ́n, wọ́n á sọ ọ́ fúnra wọn.

Tó bá jẹ́ pé Timi náà wọ̀ ọ́, ẹ fi Timi Dakolo olórin sí i. Tìmì Ẹdẹ náà ńkọ́?

Ọmọ Arógbò

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Ìyá Ìbejì. Ẹ má bínú, Dakolo kì í ṣe Rótìmí. Ìjọ́ Arógbò ni mí, ìpínlẹ̀ Oǹdó yìí kan náà, ìjọba ìbílẹ̀ Ẹsẹ̀-Odò. Ọmọ Ìjọ́ láti Bayelsa ni Dakolo, orúkọ Ìjọ́ sì ni Timi rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan ń jẹ́ Timi. Nígbà tó ń kàwé ní Àkúrẹ́, "Rótìmí" ni gbogbo kíláàsì ń pè é, wọ́n rò pé ó gé e kúrú ni. Ó sọ títí, ẹnu rẹ̀ bó. Ó máa ń dùn ún, torí ẹni tó fún un lórúkọ yẹn kò gbọ́ Yorùbá rárá. Ọmọ ilé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, aṣọ ló jọra.

Ẹni tí ẹ lè fi rọ́pò rẹ̀ ni Ọlá Rótìmí tó ń kọ eré orí ìtàgé. Yorùbá ni bàbá rẹ̀, Ìjọ́ ni ìyá rẹ̀. Sapele ni wọ́n bí i sí ní 1938. Ó kọ́ni ní Ifẹ̀, ó kọ́ni ní Port Harcourt, ó sì kọ eré nípa Kúrunmí Ìjàyè àti Ọba Ovonramwen ti Bìní. Ifẹ̀ ló kú sí ní 2000.

Agbẹjọ́rò Alágbàká

Ṣùgbọ́n Rótìmí orúkọ ìdílé ni tirẹ̀. Ọláwálé ni orúkọ tí wọ́n sọ òun fúnra rẹ̀. Ṣé olùkọ́ ọmọ máa gbà á?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì (Oǹdó)

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ èdè Yorùbá ní ìlú Oǹdó. Tó bá jẹ́ èmi ni mo fún wọn níṣẹ́ yẹn, n óò gba Ọlá Rótìmí. Orúkọ ìdílé kò já bọ́ látọ̀run. Ẹnì kan ló kọ́kọ́ jẹ́ ẹ gẹ́gẹ́ bí orúkọ àbísọ, ìyá kan ló kọ́kọ́ fi pe ọmọ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kí àwọn òyìnbó tó dé tí wọ́n ní kí gbogbo ilé máa jẹ́ orúkọ bàbá kan ṣoṣo.

Tìmì Ẹdẹ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Oyè ni, ohùn rẹ̀ sì jẹ́ dò dò: Tìmì. Ti Rótìmí jẹ́ dò mí sókè: tì mí. Ẹni tó bá ń kọ orúkọ láìfi àmì sí i ló máa pàdánù ìyàtọ̀ yẹn.

Ó wá ku ìbéèrè gan-an. Ọ̀rọ̀ tó wà láàrin ni "ró". Òun ló wà nínú nàró, òun ló wà nínú lóòró, òun náà ló wà nínú dúró. Ẹni tó ró tì ọ́ wà lórí ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, kò jókòó, kò sì lọ. Ohun tí a bá fi síwájú "ró" ló ń sọ ẹni tó dúró. Olúrótìmí: Olú dúró tì mí. Ìròyìn ni, ọpẹ́ ni. Adérótìmí, Ọlárótìmí, Ifárótìmí, ọpẹ́ kan náà, ilé ọ̀tọ̀. Akínrótìmí náà nìyẹn, tí ẹ máa bá pàdé dáadáa lọ́dọ̀ tiwa níbí, níbi tí akin ti pọ̀ nínú orúkọ.

Ṣùgbọ́n Dúrótìmí kò ròyìn ohunkóhun. Ọmọ tó wà lórí ẹní ló dojú kọ, ó ń bá a sọ̀rọ̀: ìwọ, dúró tì mí. Ẹ̀bẹ̀ ni. Ó wà lára àwọn orúkọ àbíkú, pẹ̀lú Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrósinmí, Bánjókòó, Dúrójayé. Òmíràn nínú wọn ń bá ọmọ wí, òmíràn ń fi ẹ̀bùn tàn án. Dúrótìmí kò bá a wí, kò sì ṣèlérí kankan fún un.

Tí a bá gé méjèèjì sí Rótìmí, ọpẹ́ àti ẹ̀bẹ̀ á dún bákan náà létí. Orúkọ méjì ni, Bàbá Morẹ́nikẹ́.

Ajíhìnrere

Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà náà ló ní orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ. Kí ló dé tí a ó fi máa pe àbíkú mọ́ ọkùnrin tó ti di bàbá ọmọ? Àbúrò bàbá rẹ̀ ṣe ohun tó dáa. Olúrótìmí dárúkọ Ọlọ́run, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Èmi fúnra mi yí Málọmọ́ tí wọ́n sọ mí padà, ọkàn mi sì balẹ̀.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì (Oǹdó)

Ọmọ mi, ìwọ lo ni orúkọ rẹ, o sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Mi ò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n sọ fún mi: nínú "dúró tì mí", òrìṣà wo lo gbọ́ níbẹ̀? Ohùn ìyá àti bàbá tí ẹ̀rù ń bà nìkan ló wà níbẹ̀. Tí Rótìmí bá ro ọmọ yìí, ó ti rò ó ire: wọ́n ní kó dúró, ó sì dúró. Ọdún mẹ́tàlélógójì rèé.

Sáré Tete

Ẹ jọ̀ọ́, kò sí eléré ìdárayá kankan lórí àkọsílẹ̀ yín! Rótìmí Peters. Òlíńpíìkì Los Angeles, 1984, eré ìje ẹlẹ́ni mẹ́rin, 400 mítà ẹnì kọ̀ọ̀kan. Sunday Uti, Moses Ugbisie, Rótìmí Peters, Innocent Egbunike. Mẹ́dààlì idẹ ni wọ́n gbà bọ̀. Tí àwọn ọmọ ìwòyí bá ń sáré nílé ìwé, wọn ò mọ orúkọ mẹ́rin yẹn, ó sì ń dùn mí.

Ọmọ Oǹdó ní Dublin

Ẹ kú ilé o. Nígbà tí mo dé Írẹ́láǹdì, orúkọ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi kí mi káàbọ̀ ni Rótìmí Adébárí. Ọmọ Òkè-Ọ̀dàn ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni. Ọdún 2000 ló dé ibí, ó wá ibi ìsádi. Ní 2004 wọ́n dìbò yàn án sí ìgbìmọ̀ ìlú Portlaoise, ní 2007 ó di olórí ìlú náà, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó máa wà nípò yẹn ní gbogbo Írẹ́láǹdì. Ẹ fojú inú wo àwọn òyìnbó tó ń kọ́ ahọ́n wọn láti pe "Rótìmí" lórí rédíò. Kò yí i padà fún wọn.

Fọ́tò Ìjàpọ̀

Èmi ń ya àwòrán ní Ìjàpọ̀, n ò sì lè dákẹ́. Olúwarótìmí Fani-Kayode. Wọ́n bí i ní Èkó ní 1955, ìdílé Ifẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìdìtẹ̀gbàjọba 1966 ni àwọn ẹbí rẹ̀ kó lọ sí ìlú Ọba. Ó mú ẹ̀sìn àti ìṣe Yorùbá wọ inú àwòrán bí ẹnikẹ́ni kò ṣe tíì ṣe é rí nígbà yẹn, ó wà lára àwọn tó dá Autograph, àjọ àwọn ayàwòrán aláwọ̀ dúdú, sílẹ̀ ní London ní 1988. Ọdún tó tẹ̀lé e ló kú, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

Agbẹjọ́rò, ẹ gbọ́ eléyìí: bàbá rẹ̀, Rẹ̀mí Fani-Kayode, ni òun àti Rótìmí Williams tí ẹ dárúkọ, pẹ̀lú Bọ̀dé Thomas, jọ dá ilé iṣẹ́ amòfin Thomas, Williams and Kayode sílẹ̀ ní 1948. Rótìmí kan jókòó sínú yàrá iṣẹ́ bàbá, Rótìmí mìíràn wà nílé.

Agbẹjọ́rò Alágbàká

Mo mọ̀ nípa ilé iṣẹ́ yẹn, n kò so ọmọ mọ́ ọn rí. Ẹ ṣeun.

Ọmọ Arógbò

Rótìmí Amaechi náà wà o, gómìnà Rivers láti 2007 sí 2015, kó tó ṣe mínísítà ètò ìrìnnà. Ọmọ Ikwerre láti Ubima ni, orúkọ Yorùbá sì ń bẹ láàrin Chibuike àti Amaechi. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ Timi tí kì í ṣe Rótìmí. Èyí jẹ́ Rótìmí tí kì í ṣe Yorùbá.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Àró

Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ láti àná. Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí ní ọ̀nà méjì.

Ní ilé ìwòsàn kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, àwọn ọkùnrin méjì dé lọ́jọ́ kan náà, Rótìmí làwọn méjèèjì, orúkọ bàbá wọn sì bára mu. Yàrá káàdì gbé fáìlì ọ̀kan fún èkejì. Mo ti fa oògùn sínú abẹ́rẹ́, mo ti fi òwú nu apá rẹ̀, kí ojú mi tó bọ́ sórí ọjọ́ orí: fáìlì ní 61, ẹni tó ká apá aṣọ sókè níwájú mi kò tíì tó ọgbọ̀n. Mo gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ọwọ́ mi gbọ̀n títí ilẹ̀ fi ṣú. Láti ọjọ́ yẹn, n kì í pe Rótìmí lásán mọ́. Mo máa ń ní, "Rótìmí wo, ní kíkún?" Wọ́n á ní Olúrótìmí, Akínrótìmí, Adérótìmí, wọ́n á pè é ketekete. Àwọn Dúrótìmí náà máa ń wá. Ohùn wọn máa ń lọ sílẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ dá a pè.

Ìkejì. Wọ́n ní àbíkú sọ olóògùn dèké. Nígbà náà, a ò mọ ohun tó ń pa wọ́n. Ibà pa òmíràn, ikọ́ líle àti ìgbóná pa òmíràn, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn, fòníkú-fọ̀ladìde ni, àrùn ẹ̀jẹ̀ tí òyìnbó ń pè ní sickle cell. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS: ó gbé àrùn náà sára, kò ṣàìsàn rẹ̀. Tí AS méjì bá fẹ́ra, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ lè jẹ́ SS, ẹni tí àrùn náà ń ṣe. Bàbá Morẹ́nikẹ́, ẹ ti yẹ jẹ́nótáìpù yín wò, àbí? Ẹ yẹ ti ọmọ náà wò. Ẹ̀bẹ̀ tí bàbá yín bẹ̀ yẹn, yàrá àyẹ̀wò ti lè dáhùn díẹ̀ nínú rẹ̀ báyìí.

Bàbá Morẹ́nikẹ́ (Àkúrẹ́), Àbámẹ́ta

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Nọ́ọ̀sì, AS ni mí. Ìyàwó mi jẹ́ AA, a yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó ṣègbéyàwó. Ìgbà tí mo ka ọ̀rọ̀ yín ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ so ó pọ̀ mọ́ àwọn méjì tó ṣáájú mi.

Gbẹ́rẹ́ mẹ́ta wà lẹ́yìn ọrùn mi. Mo máa ń rò pé oògùn ibà ni.

Agbẹjọ́rò, tí mo bá fẹ́ yí orúkọ orí ìwé ẹ̀rí padà, kí ni mo máa ṣe?

Agbẹjọ́rò Alágbàká

Ìwé ìbúra ní kóòtù, kí ẹ gbé e sínú ìwé ìròyìn, lẹ́yìn náà kí ẹ mú un lọ sí bánkì, ibi NIN àti ibi iṣẹ́. Ó ṣe é ṣe, ẹsẹ̀ ló máa rìn. Ẹ kọ́kọ́ bá màmá sọ̀rọ̀ ná.

Bàbá Morẹ́nikẹ́ (Àkúrẹ́), Sọ́ńdè, alẹ́

Mo ṣe bí Ìyá Ìbejì ṣe wí, n kò bi wọ́n ní nǹkan kan. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán òní, àwọn fúnra wọn ló pe èmi àti Morẹ́nikẹ́ wọ yàrá. Wọ́n tú gèlè àtijọ́ kan. Ṣaworo kékeré méjì ló wà nínú rẹ̀, ó ti dípẹtà. Ìka mi méjì kò lè wọnú rẹ̀ pọ̀. Morẹ́nikẹ́ gbọ̀n wọ́n wò. Ọ̀kan ṣì ń dún.

Wọ́n wá dárúkọ àwọn tó ṣáájú mi. N kò gbọ́ ọ rí láyé mi. Èkejì ni Yétúndé, kò pé ogójì ọjọ́. Ọkùnrin ni àkọ́kọ́, ó lo oṣù mọ́kànlá, ó ti ń di ògiri mú dìde. Olúrótìmí lorúkọ rẹ̀.

Mo ní kí wọ́n tún un sọ, wọ́n tún un sọ. Ìbí rẹ̀ le, bàbá mi sì fi orúkọ yẹn dúpẹ́. Nígbà tí èmi dé, wọ́n ní àwọn ò ní í dúpẹ́ ṣáájú mọ́, kí àwọn bẹ̀bẹ̀ ná. Òkè Ọya ni àbúrò bàbá mi wà ní gbogbo ìgbà yẹn, kò mọ orúkọ ọmọ tó lọ. Bàbá mi ti kú kí n tó wọ ilé ìwé girama, òun ló kọ orúkọ mi sílẹ̀, ó rò pé òun ń tún un ṣe. Màmá ní ọjọ́ tí àwọn kọ́kọ́ gbọ́ tí olùkọ́ pe "Olúrótìmí" tí mo sì dáhùn, àwọn di igi mú. Wọ́n ní àwọn ò lẹ́nu láti sọ pé kí wọ́n má pe ọmọ àwọn mọ́.

Agbẹjọ́rò, n kò ní lọ sí kóòtù. Olúrótìmí á wà lórí ìwé ẹ̀rí mi bó ṣe wà.

Morẹ́nikẹ́ ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ó mú Akeredolu, Williams, Ọlá Rótìmí, Adébárí àti Peters, torí òun náà ń sáré nílé ìwé. Níbi orúkọ bàbá, ó kọ ọ́ báyìí, ó sì fi gbogbo àmì ohùn sí i: "Dúrótìmí. Olúrótìmí ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀."